Búrẹ́dì Tí N Kò Lè Jẹ Mọ́

Ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá mi ní Òkukù, inú mọ́tò ni mo wà. Ilẹ̀ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà lórí òkè kékeré kan lẹ́yìn ilé ìjọsìn, mọ́tò kò lè dé ibẹ̀, òjò sì ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. N kò tíì dé ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré láti Ìkìrun. Ọkọ mi dì mí mú lápá kan, àbúrò bàbá mi dì mí mú lápá kejì. Àwọn tó gbé pósí ti lọ jìnnà. Nígbà tí mo rí i pé bí mo bá ṣubú, èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ máa gbé kí wọ́n tó rántí òkú, mo ní kí wọ́n dá mi padà.

Wọ́n fi mí jókòó sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí mi. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ. Mo gbọ́ ìgbà tí wọ́n dákẹ́. Mo mọ̀ pé ìgbà náà ni wọ́n ń gbé bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù fún wọn láyé, n kò sì bu erùpẹ̀ sí wọn lára.

Mo ti sanra láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nínú ilé wa ní Òkukù, ẹnikẹ́ni kì í kà á sí àléébù. Ìyá mi a máa fi mí yangàn. Bí a bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin á fà mí lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n á ní, “Ọmọ yìí mà rí jẹ o,” ìyá mi á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n yìn. Ìgbà tí mo dé ilé ìwé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó lórúkọ mìíràn. Wọ́n ń pè mí ní Òrobó. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó bá sanra kì í pẹ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn èèyàn fi ara ẹni rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo lọ́kọ, mo wá ń gbé Inísà. Ìkìrun ni ọkọ mi ti ń ṣe olùkọ́, ní ilé ìwé girama, ṣùgbọ́n Inísà ni ìyá rẹ̀ ní ilé búrẹ́dì sí, ibẹ̀ náà ni ilé wa wà. Nígbà tí ìyá ọkọ mi di olóògbé, èmi ni mo gba iṣẹ́ náà. Ilé búrẹ́dì wa kò tóbi. Ààrò kan tí wọ́n fi bíríkì mọ, ẹ̀rọ tí ń po fúláwà, àti tábìlì gígùn kan tí àwọn obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ máa ń dúró tì, tí wọ́n á máa gé èyí tí ẹ̀rọ ti pò, tí wọ́n á máa ká a sínú páànù. Bí búrẹ́dì bá ti ń jáde, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò. Èmi a mú ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, n ó ya á sí méjì nígbà tí èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀, n ó sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Mo máa ń sọ fún ara mi pé mò ń tọ́ ọ wò ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi odindi búrẹ́dì tọ́ búrẹ́dì wò?

Àwọn oníbàárà fẹ́ràn bí mo ṣe sanra bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní, “Ẹ wo alábúrẹ́dì bó ṣe ń dán! Ẹni tí búrẹ́dì rẹ̀ ò dáa kò lè rí báyìí.” Ara mi ni pátákó ìpolówó wa.

Ohun tí wọn kò rí ni oògùn tí mò ń kó jẹ láàárọ̀: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti àtọ̀gbẹ, ti orúnkún. Wọn kò mọ̀ pé ọkọ mi kì í sùn dáadáa, nítorí pé bí mo bá sùn, èémí mi á dúró, á dákẹ́ lọ gbáà, òun ni yóò sì tì mí kí n tó tún mí. Kò sọ ọ́ fún mi rí àfi ìgbà tí a ń padà bọ̀ láti ibi ìsìnkú náà. Òun ló ń wa mọ́tò. Kò wo ojú mi.

“Mọ́mì,” ni ó wí, orúkọ tó ń pè mí látìgbà tí a ti bímọ, “mo ti ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń dákẹ́ lójú oorun. Bí mo ṣe ń wo pósí Bàbá lónìí, kì í ṣe Bàbá ni mò ń rò.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwa méjèèjì lọ rí dókítà kan ní Òṣogbo.

Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà. Ó wo èsì àyẹ̀wò mi, ó wo èmi náà, ó ní kí n sọ ohun tí mo ti gbìyànjú rí. Mo sọ ọ́: àgbo tí wọ́n ń tà nínú mọ́tò, tíì tí ń mú èèyàn jókòó sílé ìgbẹ́ títí ẹsẹ̀ á fi kú, ààwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí mo sọ di ààwẹ̀ ìsanra, ìgbà kan tí n kò jẹ ju kùkúńbà lọ. Ìgbàkígbà tí mo bá fọn díẹ̀, ìsanra náà á padà, á sì tún mú àlejò bọ̀. Mo ń retí kí dókítà yìí bá mi wí. Gbogbo dókítà tí mo ti bá pàdé ló máa ń bá mi wí.

“Mà, ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ,” ni ó wí. “Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bá ara yín jà. Ó kàn lágbára jù yín lọ ni.”

Ẹnikẹ́ni kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo sunkún débi pé ọkọ mi dìde lọ ra omi, kó lè ráyè nu ojú tirẹ̀ náà níta. Dókítà yìí ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń dín ikùn kù, ó sì darí wa sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é ní Ìbàdàn.

Dókítà ti Ìbàdàn jẹ́ àgbàlagbà ọkùnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó ya àwòrán ikùn sórí bébà fún wa. Ó ní bí àpò ló rí, pé àwọn yóò gé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò, wọn yóò rán èyí tó kù, yóò sì wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Oúnjẹ díẹ̀ ni yóò máa gbà. Ebi náà yóò dín kù. Lẹ́yìn náà ó gbé bírò sílẹ̀.

“Ẹ fetí sí èyí dáadáa,” ni ó wí. “Ikùn la máa gé. A ò gé orí. Gbogbo ohun tó ń mú yín jẹun nígbà tí ebi ò pa yín, inú orí ló wà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bá ìyẹn jà.”

Wọn kò gé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ń lọ, a ń bọ̀. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò, wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ mi wò, obìnrin kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìbéèrè nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo máa ń jẹun jù. Mo ní nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ó ní, “Nígbà tí inú yín bá bàjẹ́ ńkọ́?” Mo ní nígbà náà pẹ̀lú. “Nígbà tí inú yín bá dùn?” Èmi àti òun jọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fọn díẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ìdájí lẹ́bàá títì Inísà, bàtà kámbáàsì lẹ́sẹ̀ mi, aṣọ eré ìdárayá ọkọ mi lọ́rùn. Àwọn èèyàn á dá ọ̀kadà dúró: “Mọ́mì alábúrẹ́dì, ṣé kò sí o? Ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni?” Nígbà tó wá ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní ohun mímu nìkan ni kí n máa mu, kí ọ̀rá ara ẹ̀dọ̀ mi lè dín kù kó má baà dí wọn lọ́wọ́. Kí ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì tà máa mu omi ọbẹ̀ láàárín òórùn búrẹ́dì gbígbóná! Ní ọjọ́ kẹta, mo jókòó lé orí àpò fúláwà, mo ń sunkún bí ọmọdé. Obìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi fa aṣọ bo ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n sọkún mi tẹ́rùn, òun á mójú tó ààrò. Kò béèrè ohun tó ń ṣe mí.

Kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé èmi àti ọkọ mi ti pinnu pé a kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìlú kékeré ni ìlú wa. Bí o bá fọ́n imú ní Ìkìrun, wọ́n á kí ọ kú àìsàn ní Inísà. Ìyá mi nìkan ni a ní a máa sọ fún.

Mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òkukù, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

“Màámi, mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kan.”

“Kí ló ń ṣe ọ́?”

“Ìsanra yìí ni. Wọ́n fẹ́ dín ikùn mi kù.”

Wọ́n gbé àtẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Wọ́n fẹ́ ṣe kí ni?”

Mo ṣàlàyé bí dókítà ṣe ṣàlàyé fún wa, mo tilẹ̀ sọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin.

“Ìyẹn ni pé oúnjẹ ń bẹ nílé, ìwọ wá fẹ́ lọ sanwó kí wọ́n bá ọ gbé ikùn tí o máa fi jẹ ẹ́ jù nù?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ ojú wọn kò gba ẹ̀rín.

“Màámi, n ò lè dé ibojì bàbá mi.”

“Bàbá rẹ ò bínú. Òkú kì í bínú sí orúnkún.” Wọ́n dìde, ìdí aṣọ wọn kún fún èèpo ẹ̀gúsí. “Bí wọ́n bá gé ọ tí o ò bá jí ńkọ́? Mo ti sin ọmọ rí. N ò tún un ṣe mọ́.”

Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé wọ́n bí ọmọkùnrin kan ṣáájú mi, tó kú ní kékeré. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé wa.

Wọn kò bá wa lọ sí Ìbàdàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mo pè wọ́n lórí fóònù títí, wọn kò gbé e. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ pé láti ìdájí ni wọ́n ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí alábòójútó ibẹ̀ gbá ilẹ̀ yí wọn ká tó sì fi wọ́n sílẹ̀ lórí eékún wọn. Ọkọ mi nìkan ló tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ní kó dúró. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ máa bọ̀ o,” bí ẹni pé ọjà ni mò ń lọ.

Mo jí pẹ̀lú ìrora léjìká, ó yà mí lẹ́nu, torí pé ikùn ni wọ́n gé. Nọ́ọ̀sì ní atẹ́gùn tí wọ́n fẹ́ sí mi nínú ló ń rìn kiri. Kò jẹ́ kí n sinmi. Ọjọ́ yẹn náà ló ní kí n dìde rìn. Omi tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi kò ju ohun tó lè kún ìdérí ìgò oògùn lọ. Mo gbé e mì, mo sì rí i pé mo ti yó. Omi! Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé, kí ni mo fi ara mi ṣe yìí?

Nígbà tí a délé, ìyá mi ti ń dúró dè wá ní Inísà. Wọ́n gbé iṣu wá, epo, ẹ̀gúsí tí wọ́n ti lọ̀, àti aṣọ tó máa tó wọn lò fún ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, “O jí,” wọ́n sì lọ sí ilé ìdáná.

Oṣù àkọ́kọ́ yẹn le. Omi ọbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń mu, lẹ́yìn náà ògì tó ṣàn, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n ti lọ̀ kúnná. Ṣíbí ìmutíì ni mo fi ń jẹ ẹ́. Bí mo bá yára, bí mo bá fi ẹyọ ṣíbí kan kún un, àyà mi á dì pa, itọ́ á kún ẹnu mi, n ó sáré lọ sílé ìwẹ̀. Irun mi ń já bọ́ sórí ìrọ̀rí. Ara mi ń fọn kíákíá. Bí mo ṣe ń yọ̀ lórí òṣùwọ̀n ni ìyá mi ń dákẹ́ sí i. Bí mo bá ń wọ aṣọ, wọ́n á yíjú sí ògiri.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n gún iyán. Wọ́n gbé e síwájú mi nínú àwo kékeré, ó funfun, ó rọ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Díẹ̀ báyìí,” ni wọ́n wí. “Nítorí tèmi.”

Mo mọ̀ pé kò tíì tó àsìkò. Ṣùgbọ́n mo ti ń kọ oúnjẹ wọn láti ọjọ́ yìí wá. Mo gbé òkèlè kan mì, mo gbé èkejì. Ẹ̀kẹta kò kọjá. Ó jókòó sí mi láyà bí òkúta. Mo dé ilé ìwẹ̀ lórí eékún mi, omi ń dà lójú, lẹ́nu àti nímú mi. Nígbà tó wá jáde tán, mo rí i pé ìyá mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn mi, lórí ilẹ̀ tútù yẹn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì mí mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí n má jò dà nù.

“Bó ṣe ń ṣe nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Ohunkóhun tí mo bá fún un, á dà á padà.”

“Ta ni, Màámi?”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìgbẹ́ gbuuru ló mú un lẹ́yìn èyí. Ó gbẹ títí, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ọwọ́ mi ló kú sí, kò wúwo ju àdìyẹ lọ.” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Nígbà tí mo bí ọ, mo ní bí mo bá máa ṣaájò títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọmọ yìí ò ní gbẹ. Mo bọ́ ọ. Ó dùn mọ́ mi bí o ṣe ń sanra. Ní báyìí, bí mo bá wo ọrùn rẹ, òun ni mò ń rí.”

Mo gbé orí lé wọn léjìká, ohun tí n kò ṣe látìgbà tí mo ti wúwo jù wọ́n lọ. Nígbà tó ṣe, mo ní, “Màámi, mi ò gbẹ. Mò ń fúyẹ́ ni. Ẹ wò ó, mo mí dáadáa lójú oorun báyìí. Ẹ bi ọkọ mi.”

Wọ́n bi í lóòótọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ tí wọ́n ń bi í níta, ó sì ń fèsì fún wọn bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹ́rìí.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti gba oúnjẹ mi sọ́wọ́, bí ẹni pé àwọn ni dókítà kọ́. Wọ́n ṣa agolo mílíìkì kéékèèké, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n ń fi wọ́n se ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀ tán. Agolo kan tó mi fún ìdajì ọjọ́. Bí mo bá fẹ́ mu omi sí i, wọ́n á gba ife lọ́wọ́ mi: “Dókítà ní o ò gbọdọ̀ mu omi sí oúnjẹ.” Wọ́n ti le jù mí lọ.

Ibi tí a kò fojú sí ni wàhálà mìíràn gbà wọlé. Ní ilẹ̀ wa, bí obìnrin bá ń fọn, wọn kì í kí i kú oríire. Wọ́n á kọ́kọ́ wojú ọkọ rẹ̀. Olùkọ́ kan ní Ìkìrun pe ọkọ mi sẹ́yìn kíláàsì, ó ní, “Ọ̀gá, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹ má febi pa ìyàwó yín.” Ọkọ mi rẹ́rìn-ín níbẹ̀, nígbà tó délé, kò lè jẹun. Àwọn kan ní ó ti fẹ́ ẹlòmíràn sí Òṣogbo ni mo fi ń rù. Ọjà wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́kù. Obìnrin kan wà tó máa ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi lọ tà ní Igbaye, kò pa ọjọ́ jẹ rí. Ó dín iye tó ń gbà kù, lẹ́yìn náà kò wá mọ́. Mo wá a lọ.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ni ó wí, kò lè wò mí. “Wọ́n ní àrùn kògbóògùn ló ń ṣe yín. Wọ́n ní ọwọ́ yín lẹ fi ń pò ó. Àwọn oníbàárà mi ò rà á mọ́.”

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi àti ìyá mi. Ọkọ mi ní ká fara dà á, pé ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀. Ìyá mi ní, “Ohun tí ẹ fi pa mọ́ ni wọ́n ń bá yín sọ. Àwọn èèyàn ò lè mọ ohun tí ẹ ò sọ, wọ́n á fi tiwọn dí i.”

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jáde. Mo gba gbohùngbohùn, mo ní, “Ẹ̀yin ará mi, mo ń fọn, gbogbo yín ló rí i. Àrùn kankan ò ṣe mí. Ọkọ mi ò febi pa mí. Iṣẹ́ abẹ ni mo ṣe. Wọ́n gé ikùn mi kù.” Mo sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sọ ti àtọ̀gbẹ, mo sọ bí n kò ṣe lè dé ibi tí wọ́n sin bàbá mi sí. Mo gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn mi. Ọkọ mi ló jáde wá dúró tì mí.

Gbogbo wọn kọ́ ló bá wa yọ̀. Bàbá kan sọ lẹ́nu ọ̀nà pé ẹni tí Ọlọ́run bá dá ní sísanra, kì í ṣe òun ló máa tún Ọlọ́run ṣe. Àwọn kan ní ọ̀nà àbùjá ni mo gbà. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìdí mọ́tò, obìnrin kan fà mí láṣọ, òmíràn tún fà mí, wọ́n rọra ń béèrè pé níbo ni ilé ìwòsàn náà wà. Obìnrin Igbaye padà wá lọ́sẹ̀ yẹn. Òǹtajà kan ní Òkukù kò padà títí di òní.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, èmi àti ìyá mi rìn lọ sí ibojì bàbá mi. Mo dúró mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró dè mí. Mo bu erùpẹ̀ díẹ̀, mo dà á sórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi bo ibojì náà. Ìyá mi jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ó tó. Gbá a kúrò, o ń dọ̀tí ibẹ̀.” Mo gbá a kúrò. A fa koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tu, a sì lọ sílé.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí. Oògùn àtọ̀gbẹ ti kúrò. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì ku ẹyọ kan. Oògùn aṣaralóore sì wà tí n ó máa lò títí ayé. Awọ ara mi rọ̀ sílẹ̀ lápá àti níkùn bí aṣọ tí wọn kò lọ̀. Mo sunkún nítorí rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ọkọ mi ní òun ò rí nǹkan kan. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí irọ́ náà. Ní ọdún kejì, ìsanra bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà wá. Mo ti mọ bí ẹ̀pà àti ohun mímu aládùn ṣe máa ń gba ikùn tí wọ́n gé kọjá láìsí ìyọnu. Mo padà lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìtìjú. Dókítà kò bá mi wí. Ó ní kí n padà lọ rí obìnrin oníbéèrè.

Búrẹ́dì gan-an ni kò gbà fún mi mọ́. Bó ti wù kí n rún un tó, ṣe ló ń di ìṣù sí mi láyà. Obìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi ló ń tọ́ ọ wò fún mi. Èmi a mú u lọ́wọ́, n ó tẹ̀ ẹ́, n ó ya á, n ó gbóòórùn rẹ̀, n ó sì bi í pé iyọ̀ rẹ̀ ńkọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí inú mi ń bàjẹ́ nítorí ìyẹn, bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan wá láti Ìkìrun. Ilé ìwé ọkọ mi ló wà. Ó sanra bí mo ṣe sanra nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì jókòó sí etí àga bí a ṣe máa ń ṣe, kó má baà fọ́. Mo pààrọ̀ àga náà fún un kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé òun wá.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ sọ òótọ́ fún mi,” ni ó wí. “Bó bá jẹ́ èmi ni àbúrò yín, ṣé ẹ máa ní kí n lọ?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti omi inú ìdérí ìgò, ti irun, ti ilé ìwẹ̀, ti awọ. Mo sọ fún un pé mo ń gun àtẹ̀gùn báyìí láìdúró. Mo ní mi ò lè bá a pinnu. Mo ní kó lọ bá dókítà ti Òṣogbo yẹn sọ̀rọ̀, kó sì wá ẹnì kan nílé tó lè mọ̀ ọ́n, torí pé ẹni tó bá dá nìkan gbé e, á wúwo fún un ju ìsanra lọ.

Ìyá mi yọ orí láti ilé ìdáná, wọ́n bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó wò mí kó tó dáhùn. Mo ní kó dáhùn bó ṣe wù ú. Ó ní ebi ń pa òun díẹ̀, Mà. Ìyá mi gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá, a jọ jẹ ẹ́, òun méjì, èmi ìdajì, a sì sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ títí mọ́tò Ìkìrun fi dé.